Bí Ìjọba Bá Dín Owó Orí Kù, Àpò Ta Ni Owó Náà Ń Wọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn kíláàsì àgbàlagbà sọ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ẹni tí ó ti dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀, tí ó tún gbé ìwé dání wá sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́, ó yẹ kí a kí i dáadáa.

Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ lè kọ orúkọ yín. Ẹ lè ka àkọlé tí ó wà lójú títì láti Fadeyi títí dé Pedro. Ìbéèrè mi lónìí ni pé: ǹjẹ́ ẹ lè ka owó tiyín? N kò ní kí ẹ kà á lọ́wọ́ o. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kà lọ́wọ́. Mo ní kí ẹ kà á lórí ìwé. Owó púpọ̀ wà tí ó jẹ́ pé orí ìwé ni ó ti ń sọnù, kí ó tó dé àpò rárá.

Ọ̀rọ̀ owó orí ni mo mú wá. Kì í ṣe gbogbo owó orí. Èyí tí à ń yọ lára owó oṣù ni. Ìjọba ti dín in kù fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kékeré. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a dín kù kì í fò lọ sójú ọ̀run. Àpò ẹnì kan ni ó ń wọ̀. Àpò ta ni? Ohun tí a ó jọ wádìí nìyẹn.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ PAYE?

Àwọn bàbá wa mọ owó orí dáadáa. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn bá ìjọba jà, nítorí pé owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà ní 1969, ìjọba sì dín owó orí náà kù. Àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ iye tí ó ń san tẹ́lẹ̀, ó sì mọ iye tuntun. Kò sí ẹni tí ó lè tàn án jẹ, nítorí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń san án.

Ti òṣìṣẹ́ oníwọ̀n oṣù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń yọ owó náà kí ó tó sanwó fún un. Èyí ni wọ́n ń pè ní PAYE. Bí owó ti ń wọlé fún ọ ni wọ́n ń yọ tìjọba kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀gá yóò kó ohun tí ó yọ lọ fún ọ́fíìsì owó orí, kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá.

Ìpínlẹ̀ wo ni ó ni owó náà? Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni. Bí o bá ń gbé Bàrígà, LIRS ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni yóò gbà á. Bí o bá ń sùn ní Mowe, tí o kàn ń wá ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ni ín.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Owó yìí kì í ṣe ti ọ̀gá. Ìránṣẹ́ ni ọ̀gá jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó òṣìṣẹ́ ni ó ń gbé lọ fún ìjọba. Bí ìránṣẹ́ bá ná owó tí a fi rán an, ẹ mọ orúkọ tí à ń pè é.

OHUN TÍ ÒFIN YÍ PADÀ

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni ọjọ́ tí a dá fún un láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin Àbújá ni. Iye kan náà ni ó là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní Èkó, ní Ọ̀yọ́ àti ní Kánò.

Ohun tí ó sọ nìyí:

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ nínú òfin, kò ní san kọ́bọ̀. Láti ọdún 2024, 70,000 náírà lóṣù ni iye yẹn.

Fún àwọn yòókù, 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá gbà nínú ọdún, kò sí owó orí lórí rẹ̀.

Lórí 2,200,000 náírà tí ó tẹ̀ lé e, náírà 15 ni tìjọba nínú 100 náírà kọ̀ọ̀kan. Bí owó bá ti ń pọ̀ sí i ni owó orí ń gòkè. Ohun tí ó bá lé ní mílíọ̀nù 50 lọ́dún, náírà 25 ni tìjọba nínú 100 kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó ń san owó ilé yóò pín owó ilé náà sí ọ̀nà márùn-ún. A ó yọ ọ̀nà kan kúrò nínú owó rẹ̀ kí a tó ṣírò owó orí. Ohun tí a ó yọ yìí kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 náírà lọ.

Ó yá, ẹ mú bírò yín. Ẹ jẹ́ ká ní òṣìṣẹ́ kan wà ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye Road. 100,000 náírà ni ó ń gbà lóṣù. Ó ń san 300,000 náírà lọ́dún fún yàrá rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń yọ lára owó rẹ̀.

Ìṣirò àtijọ́ nìyí. Owó rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 1,200,000 náírà. Òfin àtijọ́ ní kí a kọ́kọ́ yọ 440,000 sọ́tọ̀. Ó ku 760,000. Lórí 300,000 àkọ́kọ́, náírà 7 nínú 100: ó jẹ́ 21,000. Lórí 300,000 kejì, náírà 11 nínú 100: ó jẹ́ 33,000. Lórí 160,000 tí ó kù, náírà 15 nínú 100: ó jẹ́ 24,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 78,000 náírà lọ́dún. Lóṣù, ó jẹ́ 6,500.

Ìṣirò tuntun nìyí. Owó rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 1,200,000 náírà. Ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé rẹ̀ jẹ́ 60,000. A yọ ọ́ kúrò, ó ku 1,140,000. A yọ 800,000 tí kò ní owó orí, ó ku 340,000. Náírà 15 nínú 100 lórí ìyẹn jẹ́ 51,000 náírà lọ́dún. Lóṣù, ó jẹ́ 4,250.

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn. 27,000 náírà ni ó dín kù lọ́dún. Lóṣù, 2,250 ni.

Bí òṣìṣẹ́ yìí kò bá ní rìsíìtì owó ilé ńkọ́? A kò ní rí ohun tí a ó fi yọ owó ilé kúrò. Yóò san 9,000 náírà sí i lọ́dún. Ìyẹn ni pé bébà kékeré kan tí lándílọ́ọ̀dù fọwọ́ sí tó 9,000 náírà. Ẹ ò rí i báyìí pé ìwé ní iye lórí?

ÀDÉHÙN NI Ó Ń PÍN OWÓ

Nísinsìnyí, 2,250 náírà yẹn, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ó wà lọ́wọ́ irú àdéhùn tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ṣe.

Àdéhùn kìíní. Ọ̀gá ní: “100,000 náírà ni owó oṣù rẹ. Inú rẹ̀ ni owó orí yóò ti jáde.” Bí owó orí bá dín kù, òṣìṣẹ́ ni ó jèrè. Owó tí ó ń kó lọ sílé yóò pọ̀ sí i.

Àdéhùn kejì. Ọ̀gá ní: “93,500 náírà ni n ó máa kà lé ọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ owó orí, èmi ni n ó mọ̀ ọ́n ṣe.” Bí owó orí bá dín kù, 93,500 náà ni òṣìṣẹ́ yóò máa gbà. Àpò ọ̀gá ni èrè wọ̀. A kò lè pe ọ̀gá yẹn lólè, nítorí pé ohun tí wọ́n jọ sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àkókò àtisọ̀rọ̀ owó oṣù bá tún dé, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ pé owó kan ti rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ̀kẹta wà, kì í sì í ṣe àdéhùn rárá. Ọ̀gá ń yọ 6,500 bí ti tẹ́lẹ̀, ó ń kó 4,250 fún ìjọba, ó sì ń fi ìyókù sápò. Ẹni tí kò lè kàwé kò ní mọ̀ láéláé.

Ẹ̀kẹrin ni ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́, tí wọ́n ń gba owó wọn lọ́wọ́ ní alaalẹ́. A kò yọ owó orí lára owó wọn rí. Ẹ̀dínkù yìí kò kàn wọ́n. Ohun tí a kò gbé, a kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

ẸRÙ TÍ Ó WÀ LÓRÍ Ọ̀GÁ

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ọ̀gá náà.

Yàtọ̀ sí owó orí òṣìṣẹ́, àwọn owó kan wà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń san nítorí pé ó gba ènìyàn síṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san náírà 1 lórí 100 náírà owó oṣù fún ITF, fún kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 5, ṣùgbọ́n tí ọjà rẹ̀ tó mílíọ̀nù 50 náírà lọ́dún, yóò san án pẹ̀lú. Náírà 1 mìíràn wà fún NSITF, nítorí òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ tí ń gé bébà mọ ìdí tí ìyẹn fi wà. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15, owó ìfẹ̀yìntì tún wà: ọ̀gá yóò san náírà 10 lórí 100, a ó sì yọ náírà 8 lára ti òṣìṣẹ́.

Ẹ wò ó bí ẹni tí ó ní òṣìṣẹ́ 4. Ó ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 100,000 náírà lóṣù, ọjà rẹ̀ kò sì tó mílíọ̀nù 50. Kò jẹ ITF ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí ó bá gba ẹni karùn-ún, owó oṣù gbogbo wọn di mílíọ̀nù 6 lọ́dún. Owó ITF sì di 60,000 náírà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá mìíràn yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gba ẹni karùn-ún. Òfin owó orí tuntun kò fọwọ́ kan àwọn owó wọ̀nyí.

Kí ni ó wá ṣe fún ọ̀gá? Kọ́ńpánì tí ọjà rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 100 náírà lọ lọ́dún, tí ohun ìní rẹ̀ kò sì ju mílíọ̀nù 250 lọ, kò ní san owó orí lórí èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé CAC yín dáadáa. Bí ó bá jẹ́ orúkọ òwò nìkan ni ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kì í ṣe kọ́ńpánì lójú òfin. Èrè yín jẹ́ owó tiyín, LIRS yóò sì fi ìwọ̀n kan náà tí ó wà fún òṣìṣẹ́ wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀bùn mìíràn tún wà. Ọ̀gbẹ́ni Táíwò Oyèdélé, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ yàn lórí àtúnṣe owó orí, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún aráàlú. Kọ́ńpánì tí ó bá fi kún owó òṣìṣẹ́ kékeré, tàbí tí ó bá gba òṣìṣẹ́ tuntun tí ó sì mú un dúró fún ọdún 3, yóò yọ owó yẹn àti ìdajì rẹ̀ sí i kúrò nínú èrè kí a tó ṣírò owó orí. Ó dára fún kọ́ńpánì ńlá. Àmọ́ kọ́ńpánì kékeré tí kò san owó orí lórí èrè tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ dín kù fún un?

OHUN TÍ ILẸ̀ ÒTÚTÙ FI KỌ́ WA

Ẹnì kan lè béèrè pé: “Tíṣà, bí ìjọba bá dín ẹrù ọ̀gá kù ní àdúgbò wa nìkan, ǹjẹ́ iṣẹ́ kò ní pọ̀ níbẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Ilẹ̀ wa kò tíì dán an wò. Àwọn ará Yúróòpù ní òkè àríwá ti dán an wò, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n rí.

Ní Nọ́rwèy, láti ọdún 1975, owó tí ọ̀gá ń san lórí owó oṣù kò dọ́gba ní gbogbo agbègbè. Ní Oslo, ó lé ní 14 lórí 100. Ní Finnmark, ìpẹ̀kun àríwá tí òtútù ti mú jù, wọ́n sọ ọ́ di òdo ní 1990. Wọ́n fẹ́ kí ènìyàn dúró níbẹ̀, kí iṣẹ́ má kú.

Ní Swídìn, ní 2002, wọ́n dín in kù pẹ̀lú 10 lórí 100 ní agbègbè àríwá. Àwọn onímọ̀ lọ wo ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ kò gba òṣìṣẹ́ sí i. Owó oṣù ni ó gòkè díẹ̀. Ní Fínlándì, wọ́n dán an wò ní Lapland ní 2003. Nǹkan bí ìdajì ohun tí a dín kù ni ó bọ́ sínú owó oṣù. Níbẹ̀ náà, wọn kò rí i pé iṣẹ́ pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ní 2004, ìlànà Yúróòpù mú kí owó náà gòkè lójijì ní ọ̀pọ̀ agbègbè Nọ́rwèy. Iṣẹ́ dín kù níbẹ̀. Ọ̀gá kò lè dín owó oṣù tí ó ti ń san kù, ènìyàn ni ó dín kù.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí níbẹ̀. Ìkíní: bí a bá dín owó kù, kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ tuntun yóò hù bí olu. Ìkejì: bí a bá gbé ẹrù lé ọ̀gá lójijì, òṣìṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ lára.

KÍ NI Ó KÙ FÚN ṢÓMÓLÚ?

Ẹ wo ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Kí ni ó ń jẹ owó ọ̀gá? Bébà, yíǹkì, pléètì, iná mànàmáná àti dísù. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bébà wa ti ń wá. Ìjọba kọ́ ilé-iṣẹ́ bébà sí Jẹ́bà, sí Ìwopin àti sí Oku Iboku, ṣùgbọ́n wọn kò mú bébà tí ó tó wa lò jáde. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, owó bébà fò sókè. Owó orí tí ó dín kù kò lè dá bébà padà sí iye àtijọ́. Kò sì lè mú oníbàárà wọlé bí kò bá sí ẹni tí ó fẹ́ tẹ káàdì ìpè tàbí kàlẹ́ńdà.

Ṣé asán ni nígbà náà? Rárá o. Bí òṣìṣẹ́ 10 bá rí 2,250 náírà sí i lóṣù, 22,500 náírà ni. Ibo ni wọ́n ń ná an? Ọ̀dọ̀ ìyá onírẹsì ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń rán bàtà ni. Ọjà Bàrígà ni. Ọ̀gá náà jèrè, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó o jẹun kì í tètè sá lọ sí ilé ìtẹ̀wé mìíràn. Ṣùgbọ́n kí owó náà tó rìn báyìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Ẹ̀yin ọ̀gá: ẹ ra ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i. Ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́, owó àdéhùn, ohun tí a yọ, ohun tí ó gbà, kí òṣìṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Kí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní tó kọjá lọ́dọọdún, LIRS ń retí ìwé owó oṣù ọdún tí ó kọjá lọ́dọ̀ yín. Ìwé yìí ni ẹ ó fi kọ ọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́: ẹ tọ́jú rìsíìtì owó ilé. Ẹ fi ìwé owó oṣù kejìlá ọdún 2025 wé ti ọdún 2026. Bí kò bá yé yín, ẹ béèrè. Ẹ má bá ọ̀gá jà kí ẹ tó béèrè. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ká jọ wo ìwé owó oṣù mi.”

“Kí ló dé? Ṣé o rò pé mo jẹ ọ́ lówó ni?”

“Rárá o, sà. Òfin owó orí ló yí padà. Rìsíìtì owó ilé mi rèé. Mo fẹ́ mọ iye tí ẹ ń bá mi san báyìí ni.”

Ọ̀gá tí ó bá ń ṣe òtítọ́ kò ní bínú sí ìyẹn. Inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹlòmíràn ń bá a ka ìwé.

Ẹ̀yin ará mi, ìjọba lè kọ òfin rere sí Àbújá. Kò sí ẹni tí yóò ti ibẹ̀ wá kà á fún yín ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ ti ní bírò, ẹ ti ní ojú tí ń kàwé. Ẹ fi ka owó yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Ta ni ó ni owó PAYE: ọ̀gá ni, àbí òṣìṣẹ́?
2. Òṣìṣẹ́ kan ń gba 120,000 náírà lóṣù. Kò ní rìsíìtì owó ilé. Èló ni owó orí rẹ̀ lọ́dún nínú òfin tuntun?
3. Irú àdéhùn wo ni ìwọ àti ọ̀gá rẹ ṣe? Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ ní ìlà méjì.
4. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Nọ́rwèy ní 2004? Ẹ jọ sọ ohun tí a lè rí kọ́ nínú rẹ̀.